Ẹni Kejì Tó Bá Kíléópà Rìn

Ẹ kọ́kọ́ bá mi pa rédíò yẹn ná. Mo ti gbọ́ pé ọ̀la, Ajé Àjíǹde, ni Gálílì. Mo ti gbọ́ pé bọ́ọ̀sì méjì lẹ háyà, pé etí odò ní Òwènà lẹ ti fẹ́ jẹ ìrẹsì, pé ẹ ti ṣe fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ sí. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí arúgbó. Ṣùgbọ́n mi ò lọ. Kì í ṣe pé inú ń bí mi o. Ó rẹ̀ mí ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí, àárẹ̀ ọ̀hún kò sì mọ sí ẹsẹ̀ nìkan.

Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pè mí ní Ìyá Kíléópà nígbà tí n kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ jókòó. Ẹni tó bá yọ fóònù, màá dákẹ́.

Kíléópà, ọkọ mi ni. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ tí ìjọ fi ń pè é ni. Ẹ má sì bá mi wí pé mò ń pe ọkọ mi ní “ó”. Ẹnu Ìdànrè ni wọ́n fi tọ́ mi. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ń pe ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni pé ogún ni wọ́n.

Ìgbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ tí àwọn olóṣèlú ń fi gbohùngbohùn dí wa létí kiri ni mò ń sọ. Nígbà yẹn, a kì í fi ọkọ̀ ṣe Gálílì. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Ẹ ṣáà mọ ìtàn náà, bí ẹ kò bá tíì gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, àwọn méjì nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Émáúsì, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ó bá wọn lọ́nà, ó ń bá wọn rìn, wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n délé tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n rọ̀ ọ́ kó wọlé. Ìgbà tó bu oúnjẹ ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ń jẹ́ Kíléópà. Ẹnì kejì, ìwé kò sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí i.

Ibi tí ìwé dákẹ́ sí yìí gan-an ni àwọn bàbá ìjọ wa ti dá àṣà sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, gbogbo ìjọ á péjọ ní Aládé, nínú aṣọ àdúrà, láìwọ bàtà. Ọkọ mi á wà níwájú, òun ni Kíléópà. Àlejò ojú ọ̀nà á wà láàárín. Ẹnì kejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n á fi bò ó láti orí dé ilẹ̀. Bàbá Aláàgbà ìjọ nìkan ló mọ ẹni tó fi sínú aṣọ. Ẹni náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọrin, kó má lọ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló máa tú u fó. Báyìí ni wọn ó ṣe máa rìn láti Aládé dé Òdòde tí ilé wa wà, tí gbogbo wọn á máa méfò ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin kò lè mọ bó ṣe ń rí. Bí wọ́n bá lu agogo, òkè á gbà á, á tún dá a padà fún wa, tí ẹni tó wà nílé á rò pé ìjọ méjì ló ń bọ̀. “Télọ̀ ni!” “Irọ́ ni, télọ̀ kò sanra tó bẹ́ẹ̀!” “Ìyá oníbúrẹ́dì ni!” “Ẹ yé é parọ́, òun ló ń kọrin lẹ́yìn yẹn!” Lọ́dún kan, ẹni tó ṣe àlejò ojú ọ̀nà, tó yẹ kó máa fi sùúrù túmọ̀ ìwé mímọ́ fún wọn, ó tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀. Kí lẹ rò? Ó ká aṣọ àdúrà dé orúnkún, ó ń jó láàárín títì, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́dún mìíràn, atẹ́gùn ká aṣọ kúrò lórí ẹnì kejì kí wọ́n tó kúrò ní Aládé, gbogbo wọn bá dijú pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Ilé wa ni Émáúsì. Èmi ni mo ń gún iyán Émáúsì, láti àárọ̀, èmi àti àwọn obìnrin méjì, títí apá á fi kú. N kò bá wọn rìn rí. Ta ló máa rìn, ta ló máa gún un?

Ṣùgbọ́n ibi tó ṣe pàtàkì ló kù yìí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó ṣí aṣọ, Kíléópà á dúró, á sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ pé, “Ẹni tó bá mi rìn, n kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Ilé mi ni ilé rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó ti sọ ọ́ yẹn, ó di òfin. Ẹni náà lè wọ ilé wa láìkágò, kó ṣí ìkòkò, kó bu oúnjẹ, kó na ẹ̀yìn lórí àga, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló ń wá. Opó kan wà tó jẹ́ ẹnì kejì lọ́dún kan. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ilé wa ló ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Lóde òní ńkọ́? Ẹ ti fi irin dí fèrèsé, ẹ ti fi irin dí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ kí yín á kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa nínú gbogbo èyí tí mo bí. Mọ́rẹ̀nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, kò ṣeé sọ. Tí òun bá ń fọ́ kòkó lóko, Mọ́rẹ̀nikẹ́ á jókòó tì í, á máa fá hóró jáde, wọ́n á máa jà nípa ẹni tó yára jù.

Ọmọkùnrin kan wá láti apá Ìkirè, Gbádébọ̀, ó ń ṣe oko kòkó wa ní ìdá. Bí a bá ta kòkó, ìdá kan tirẹ̀, ìdá méjì tiwa. Òṣìṣẹ́ ni. Bó ṣe ń fọ́ kòkó, gbà, gbà, gbà, o máa rò pé ènìyàn mẹ́ta ló wà lábẹ́ igi. A máa ń fi èdè ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á fi tiwa ṣe. A ò mọ̀ pé Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò bá wa rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi pé àwọn fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni ojú wa là.

Ọkọ mi ní, “Alágbàṣe mi? Kó fẹ́ ọmọ mi? Kó wá jókòó síbi tí mo ń jókòó?” Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mọ́rẹ̀nikẹ́ sunkún títí. Ó le bí òkè tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí, a kò bá ọmọ lórí ẹní. Wọ́n ti lọ sí Òfósù, lójú ọ̀nà Benin, wọ́n ti lọ gba oko ìdá mìíràn níbẹ̀.

Ọkọ mi dúró sáàárín yàrá, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì. “N kò bí i,” ó ní. “Ilé tí mo bá wà, kò ní jẹun níbẹ̀.” Yéè! Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Òun fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ẹni tó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn, n kò rí i kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ rí. Wọ́n ń yìn ín fún un nínú ìjọ. Èmi tí mò ń bá a gbé ni mo mọ ohun tó ń náni.

Nígbà tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ bímọ, awakọ̀ kan ló mú ìròyìn wá: obìnrin ni, Tọ́pẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Mo wé gèlè, mo fẹ́ lọ. Ọkọ mi ní bí mo bá lọ, kí n má padà. Mo tú gèlè. Èmi tí mo ti wẹ ọmọ fún àìmọye abiyamọ ládùúgbò yìí! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa ń wí? Èmi wà láyé, ọwọ́ mi pé, ojú mi pé, ẹlòmíràn ló wẹ ọmọ ọmọ mi. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ọkọ mi àti ọmọ mi jẹun lábẹ́ òrùlé kan náà kí n tó kú. N kò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, kí Àjíǹde tó dé, àwọn ọkùnrin ń jiyàn níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, bí wọ́n ṣe máa ń jiyàn lọ́dọọdún, pé ta ni ẹnì kejì. Tíṣà ní Lúùkù tó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó dárúkọ ara rẹ̀. Káfíńtà ní Pétérù ni. Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ áńgẹ́lì, wọ́n bú mọ́ ọn. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Mo ní, “Ẹ dákun. Nígbà tí wọ́n rọ àlejò pé kó wọlé, ilé ta ni?”

Tíṣà ní, “Ilé Kíléópà ni.”

Mo ní, “Ṣé Kíléópà nìkan ló rọ̀ ọ́ ni, àbí àwọn méjèèjì?”

Ó ní àwọn méjèèjì ni.

Mo ní, “Ta ló ń ní kí àlejò wọ inú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀? Ará ilé Kíléópà ni. Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.”

Ẹ̀rín pa wọ́n! “Ìyá Kíléópà ti fẹ́ kó sínú Bíbélì o!” Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi. Ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín jù. Bàbá Aláàgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, “Tàbí ọmọ rẹ̀, o wí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo jókòó, ojú ń tì mí. Ẹ má rò pé mò ń ṣe bí ẹni tó mọ̀. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó jẹ́. Ohun tó wà nínú mi ni mo sọ.

Ọjọ́ Ajé pé. Òòrùn ti wọ ẹ̀yìn òkè, mo ṣì ń dá iyán sínú abọ́ nígbà tí mo gbọ́ agogo. Ariwo ọdún yẹn yàtọ̀, nítorí wọ́n dárúkọ gbogbo èèyàn tán, Bàbá Aláàgbà ń mi orí. “Ta ni lágbájá yìí gan-an?” Mo nu ọwọ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkọ mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀: “Ẹni tó bá mi rìn, n kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Ilé mi ni ilé rẹ̀.”

Wọ́n ṣí aṣọ. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni.

Ó ti rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ekuru ojú ọ̀nà. Ọkọ mi wo Bàbá Aláàgbà, ó ní, “O pa mí.”

Bàbá Aláàgbà ní, “Ẹnu rẹ ló sọ ọ́, kì í ṣe tèmi. Fà á wọlé.”

Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń sáré bọ̀. Àfi bí ọkọ mi ṣe gbé ọwọ́ sókè. Kò bínú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo ní ilé mi ni ilé rẹ̀, n kò ní kó o jẹ. Ilé ti di tirẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ sọ pé ilé tí mo bá wà, kò ní jẹun níbẹ̀. N kò ní kó ìyẹn náà jẹ.” Ó wọ yàrá, ó ká ẹní rẹ̀, ó mú àdá àti àtùpà, ó jáde nínú aṣọ àdúrà. Èrò là fún un. Ó gba ọ̀nà oko lọ, kò wẹ̀yìn.

Háà, agídí! Iyán tutù. Obìnrin ìjọ kan gbé Tọ́pẹ́ wá, ó ti ń rákò nígbà náà. Mo gba ọmọ náà, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Mo ní ta ló bi wọ́n. Mò ń wẹ ọmọ, mò ń sunkún, mo ti rí ọmọ mi, ọkọ mi ti lọ, n kò mọ èyí tí mò ń sunkún sí.

Bí mo ṣe di alárìnkiri nìyẹn. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń lọ ń bọ̀ láàárín Òfósù àti ọ̀dọ̀ mi. Bó bá wà nílé, mo ti dáná fún un, mo tún ru oúnjẹ lọ sí ahéré oko fún bàbá rẹ̀. Òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Á jẹun tán, á bèèrè ewúrẹ́, á bèèrè òrùlé tó ń jò, kò ní bèèrè ọmọ. Ó dàgbà lójú mi nínú ahéré yẹn. Òun nìkan ló ń fọ́ kòkó, gbà kan lónìí, gbà kan lọ́la, ewé bo oko.

Nígbà tí Àjíǹde mìíràn dé, ìjọ bèèrè ẹni tó máa ṣe Kíléópà. Oníkálùkù ń wo ilẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ? Ó lè jẹ́ ẹni tí o kò fẹ́ rí. Bí wọ́n ṣe gba ọkọ̀ akẹ́rù lọ́dún yẹn nìyẹn, wọ́n lọ jẹ ìrẹsì. Ohun tí ẹ bá nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́, àwa la bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú ọkọ mi nínú ahéré, n kò kí i. Mo ní, “Ó ti rẹ̀ mí o. Ọ̀nà yìí ti jẹ ẹsẹ̀ mi tán. Ọ̀rọ̀ rẹ tí o kò kó jẹ, ṣé òun ló máa fi omi gbígbóná sí ọ lára bí o bá dùbúlẹ̀ àìsàn?” Ó ń bu òkèlè.

Ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn náà, ní ìgbà òjò. Mo bá a lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná, kò dá mi mọ̀ dáadáa. Orí bá mi ṣe é, Gbádébọ̀ wá wo ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó sáré wá, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀, alágbàṣe rẹ̀ náà, láti oko délé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin yìí na ọwọ́, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Pẹ̀lú ibà! “Ilé onílé ni,” ó ní. “Bí onílé kò bá pè mí, n kò wọ̀ ọ́.”

Mọ́rẹ̀nikẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀ nínú òjò. “Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.” Ọkọ mi jùwọ́ sílẹ̀, a gbé e wọlé.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wọlé, Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò jẹun nínú ilé mọ́. Á bu oúnjẹ fún wa tán, á gbé tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bàbá wó lulẹ̀ nítorí mi.” Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ẹ ò rí i? Agídí kan náà ni. Mo wo àwọn méjèèjì, mo rò ó pé àwọn wọ̀nyí ló máa pa mí.

Ní ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ gan-an, ọkọ mi jókòó lórí ẹní, ó ń mu ẹ̀kọ. Tọ́pẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Ó ní, “Ta ni yín?”

Gbádébọ̀ wo ilẹ̀. Ọkọ mi di ife ẹ̀kọ mú.

“Bàbá ìyá rẹ ni mí,” ó ní.

Ọmọ náà ní, “Màmá mi ń jẹun nínú òjò.”

Ọkọ mi gbé ife sílẹ̀. Ó yí ojú sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pe orúkọ tí kò pè láti ọjọ́ tó ti búra. “Mọ́rẹ̀nikẹ́! Gbé abọ́ rẹ wọlé, jàre.”

Ó gbé e wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ó jókòó ti ẹní bàbá rẹ̀. Òjò ti wọ inú ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, lójú wa, títí ó fi tán.